Ọpọ́n tí Torsti Mú Lọ sí Sáúnà

Ẹjọ́ tó dé ààfin lọ́jọ́ Ajé tó kọjá kò fẹsẹ̀ rìn wá. Orí pákó tí a fi ń fa igi ìdáná lórí yìnyín ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi okùn dè é, wọ́n sì fi aṣọ ìbora bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni gbé òkú àgbà. Ìyá Sanelma ló ń fà á. Torsti, ọkọ ọmọ rẹ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n máa bi léèrè ohun tó pa òkú náà.

Ààfin tí mò ń wí yìí, ilé onígi pupa ni, létí adágún Kuikka. Baálẹ̀ Eemeli ló ń gbé ibẹ̀, òun àti Halli ajá rẹ̀. Ẹni méjì ló máa ń bá a gbọ́ ẹjọ́. Ọ̀kan ni Kustaa apẹja, tí èrò rẹ̀ máa ń jẹ́ èrò ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìkejì ni Ìyá Hulda, tí kì í gbọ́ ẹjọ́ láìhun ìbọ̀sẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ti gùn tó ni ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ máa ń gùn tó. Ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ tí wọ́n gbọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún dé itan.

Èmi ni mo bu kọfí fún wọn, nítorí a kì í rojọ́ lọ́dọ̀ wa kí ife tó kún. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, Ìyá Sanelma ká aṣọ kúrò lórí ẹrù rẹ̀. Ọpọ́n ìpòyẹ̀fun rẹ̀ ni, èyí onígi jíjìn tí gbogbo abúlé mọ̀. Ṣùgbọ́n ọpọ́n ń dán. Inú rẹ̀ funfun bí eyín ọmọdé.

Kustaa fọwọ́ bojú. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìyá Hulda.

"Sanelma," Baálẹ̀ ní, "ta ló ṣe irú èyí?"

"Ẹ bi ẹni tó dúró lẹ́yìn mi."

"Ìwọ lo pe ẹjọ́. Rò ó."

Ìyá Sanelma tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé, ó bẹ̀rẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ ti mọ ọpọ́n yìí kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Ìyá ìyá mi ló kọ́kọ́ po ìyẹ̀fun ọkà ráì nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́ rí. Ìyẹ̀fun kíkan tó bá lẹ̀ mọ́ ara igi, á gbẹ síbẹ̀, á sùn. Bí mo bá tún fẹ́ ṣe búrẹ́dì, mo da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, mo ku ìyẹ̀fun sí i, á jí, á wú búrẹ́dì fún mi. Ìyẹ̀fun kíkan yẹn là ń pè ní gbòǹgbò, òun ni gbòǹgbò ilé wa. Nígbà tí iná jó ilé wa ní kékeré mi, ọpọ́n yìí ni ìyá mi kọ́kọ́ gbé jáde, kó tó padà wọlé wá gbé mi."

Kustaa ní, "Kò dùn ọ́?"

"Kí ló máa dùn mí? Ó ní èmi lẹ́sẹ̀, ọpọ́n ò lẹ́sẹ̀."

Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta òun lọ ra iyọ̀. Ó ní òun padà dé, òun bá àna òun lẹ́nu ọ̀nà tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bùn, ó ní, "Ìyá, mo ti bá yín tọ́jú ọpọ́n." Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe dé orí àga. Ìgbà tí òun máa lajú, iyọ̀ ti dà sílẹ̀.

Baálẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ kí ààfin ṣe sí i.

"Kó kó ẹrù rẹ̀. Kó padà sí Turku níbi tí ọkọ̀ ojú omi gbé jù ú sílẹ̀. Ilé mi ló ń gbé, àkéte mi ló ń sùn lé, ẹnu mi ò wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ti kú, Baálẹ̀, ẹni tó pa á kò sì lè máa bá mi jókòó nídìí oúnjẹ."

"Òótọ́ ni," Kustaa ní. "Kó máa lọ."

"Kustaa," Baálẹ̀ ní, "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ tẹnu rẹ̀."

Torsti dìde. Kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ẹ rí súwẹ́tà rẹ̀. Ìyá Sanelma ló hun ún fún un kó tó fojú kàn án. Ó bi Impi ọmọ rẹ̀ pé báwo ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe ga tó. Impi, tí ìfẹ́ ti fọ́ lójú, ní ó ga tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Torsti kò ga tó ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Nítorí náà, apá súwẹ́tà yẹn gùn kọjá ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, bó bá ń sọ̀rọ̀, wọn á máa jù fìrìfìrì bí etí ajá. Bó ṣe dìde báyìí, Halli náà dìde lẹ́bàá ààrò, ó wá ń lá apá súwẹ́tà. Wọ́n lé e. Ó padà wá.

"Baálẹ̀," Torsti ní, "mi ò fọ ọpọ́n."

"O ò fọ̀ ọ́?"

"Rárá o. Mo mú un lọ sí sáúnà ni."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

"Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwo àti ènìyàn ni, Baálẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé Ìyá ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ọpọ́n yìí ní ẹ̀mí. Wọ́n ní kí n má pariwo, ó ń sùn. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí òtútù má mú un. Nígbà tí ibà dá mi dúbúlẹ̀, èmi ni wọ́n gbé kúrò lẹ́bàá ààrò kí ọpọ́n lè ráyè. Mo ní ó dáa, àgbà ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta wá dé. Gbogbo ẹlẹ́mìí inú ilé ló ń lọ wẹ̀ nínú ooru sáúnà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá ń lọ. Impi ń lọ. Èmi ń lọ. Àlejò tó wá ta abẹ́rẹ́, ó lọ. Ọpọ́n nìkan ni wọn ò mú lọ rí. Mo ní, ṣé ẹrú ni?"

Ìyá Hulda fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu.

"Kí lo wá ṣe fún un níbẹ̀?"

"Ohun tí à ń ṣe fún gbogbo ènìyàn náà ni. Ara rẹ̀ dọ̀tí púpọ̀, mo kọ́kọ́ fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo bá a ha èépá ara rẹ̀."

"Èépá," Ìyá Sanelma ní. "Ìyá ìyá mi ló ń pè ní èépá."

"Mo wá gbé e wọlé, mo gbé e sórí àga òkè níbi tí ooru gbé pọ̀. Mo da omi sórí òkúta gbígbóná. Mo fi ìdì ewé nà án lẹ́yìn díẹ̀."

"O na ọpọ́n."

"Kò ráhùn, Baálẹ̀."

Ó ní nínú ọkọ̀ tí òun ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó bá fi ohun kan sílẹ̀ láìfọ̀, ọ̀gá á ju fìlà onítọ̀hún sí òkun, òun sì ti pàdánù fìlà púpọ̀ kí òun tó kọ́gbọ́n. Ó ní bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé fífọ̀ lòun fọ̀ ọ́, Ìyá kò sọ fún òun rí pé kí òun má fọ̀ ọ́.

"Ta ló ń sọ fún ènìyàn pé kó má ta ìyá rẹ̀?" Ìyá Sanelma ní.

"Ìyá, nípa súwẹ́tà yìí, ẹ sọ. Ẹ ní irun àgùntàn kò fẹ́ omi, kí n máa gbé e kọ́ sí atẹ́gùn, kí n máa fi yìnyín nù ún. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fún mi, ṣé mo fọ̀ ọ́ rí? Baálẹ̀, ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbóòórùn mi."

Kustaa ní kò sí ìdí fún Baálẹ̀ láti sún mọ́ ọn, òun ti gbóòórùn rẹ̀ látibi tí òun wà. Ó ní ọkùnrin náà ní àwíjàre.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Tilda aládùúgbò ló kọ́kọ́ wá. Ó ní òun kò rí nǹkan kan, nítorí òun kì í yọjú sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní ilé òun lòun jókòó sí, òun ń hun ìbọ̀wọ́, òun kò gbójú sókè.

"Nítorí náà, o ò mọ nǹkan kan," Baálẹ̀ ní.

"Nǹkan kan báyìí, rárá. Ó fi ẹsẹ̀ òsì ti ilẹ̀kùn sáúnà. Ó kọ́kọ́ fi ṣíbí ha á, ó tún fi búrọ́ṣì. Ó ń kọrin, orin ọ̀hún kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó ha kúrò, ó dà á fún adìyẹ, àkùkọ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù."

"O rí gbogbo ìyẹn láìgbójú sókè?"

"Fèrèsé mi ló kọjú síbẹ̀, Baálẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ìyá Sanelma ní irọ́ ni, ẹ̀yìn ni gbogbo fèrèsé ilé Tilda kọ sí sáúnà àwọn, àfi èyí tó wà ní àjà. Baálẹ̀ bi Tilda pé kí ló ń ṣe ní àjà nínú òtútù. Tilda ní òun ń hun ìbọ̀wọ́.

Kó tó jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Sanelma mú abọ́ wá, kó wá bu gbòǹgbò nílé òun, kí ọ̀rọ̀ tán.

"Gbòǹgbò ilé Tilda," Ìyá Sanelma ní, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń sọ orúkọ àìsàn. "Baálẹ̀, búrẹ́dì obìnrin yìí, àwọn pẹ́pẹ́yẹ adágún ló ń dá a padà sétí omi."

"Wọ́n ń dá a padà nítorí pé wọ́n ti yó."

"Ó tó," Baálẹ̀ ní. "Ẹ pe Impi."

Impi wọlé, kò wo ìyá, kò wo ọkọ. Ó ní oorun ni òun ń sùn ní gbogbo àsìkò náà, òun kò mọ nǹkan kan. Ó ní àfi nípa adìyẹ ni òun fẹ́ ṣe àtúnṣe. Kì í ṣe adìyẹ ló jẹ ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ni.

"Àkùkọ ni," Tilda ní.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni."

"Impi, oorun lo ń sùn. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ariwo ẹlẹ́dẹ̀ ló jí mi, Baálẹ̀."

"O jí. Kí lo rí?"

"Mo rí Torsti, ó mú búrọ́ṣì tí mo fún un dání."

A ń gbọ́ bí Halli ṣe ń lá apá súwẹ́tà.

"Búrọ́ṣì tí ta ni fún un?"

Impi tẹ orí ba. "Ó ku àtàńpàkò kan kí n parí ìbọ̀wọ́ mi. Torsti ti ń sọ ìtàn òkun fún mi láti àárọ̀. Mo ní kó lọ fọ nǹkan."

"Kí lo ní kó fọ̀?"

"Nǹkan. Mi ò dárúkọ."

Ìyá Sanelma yí sí ọmọ rẹ̀, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó yí sí Torsti. "O mọ̀ pé òun ló rán ọ. O ò sọ ọ́."

"Ẹ ò bi mí, Ìyá," Torsti ní.

Ìyá Sanelma tún ìborùn rẹ̀ tú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ṣe ìborùn. Kustaa wá bèèrè bóyá kò sí bí wọ́n ṣe lè gba gbòǹgbò padà lọ́wọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Baálẹ̀ tẹjú mọ́ ọn títí Kustaa fi gbé ife kọfí rẹ̀ tó ti ṣófo, tó sì ń mu ún.

Ibi tó ń mu òfìfo náà ni Baálẹ̀ ti ké sí ajá rẹ̀. Halli kò dá a lóhùn. Baálẹ̀ bínú.

"Torsti, kí ló wà lápá rẹ tí ajá mi ò jẹ́ kí n gbọ́ ẹjọ́?"

Torsti gbé apá sókè. Etí súwẹ́tà, níbi tó ti kọjá ọwọ́ rẹ̀, kò mì mọ́ bí etí ajá. Ó le gbagidi. Nǹkan kan ti gbẹ mọ́ ọn, ó ní àwọ̀ eérú, ó sì rí gbágungbàgun bí èèpo igi. Apá kejì náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Hulda gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Mi ò rí i kó gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ rí. Ó dìde, ó dá ajá dúró, ó ṣẹ́ ègé bíńtín kúrò létí súwẹ́tà, ó fi sórí ahọ́n. Ó di ojú. A dúró.

"Ó kan," ó ní. Ó tún tọ́ ọ wò. "Ó kan bí ti ìyá tó bí Sanelma gan-an. Apá súwẹ́tà ti rì sínú ọpọ́n nígbà tó ń ha á. Mo tún ń gbọ́ adùn àgùntàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn wà lẹ́yìn."

Ìyá Sanelma ti dìde láìmọ̀.

Baálẹ̀ da ojú ife rẹ̀ dé orí àwo. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu gbogbo ènìyàn nìyẹn.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Torsti, o jẹ̀bi. Ẹni tó bá mú ìyá àgbà lọ sí sáúnà láìbi í léèrè, tó bá a ha ara, tó tún fi ewé nà án, kò lè bọ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Tìrẹ, ọwọ́ méjèèjì ló máa wọ inú ọpọ́n. Wọn á gbé ọpọ́n sẹ́bàá ààrò mi, wọn á da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìyẹ̀fun ráì sí i, o máa jókòó tì í, o máa ki apá súwẹ́tà méjèèjì bọ̀ ọ́. Bí gbòǹgbò bá jí, o dúró lábúlé yìí. Bí kò bá jí, o máa lọ sí Turku."

"Baálẹ̀, ṣé mi ò lè bọ́ súwẹ́tà náà, kí òun nìkan wà níbẹ̀?"

"Gbòǹgbò fẹ́ kí ara gbóná díẹ̀. Ẹni tó ń na ọpọ́n, ara rẹ̀ kò lè tutù. Wà níbẹ̀."

Inú Ìyá Sanelma bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Baálẹ̀ yí sí i.

"Sanelma, ìwọ náà kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọpọ́n, kò lè jẹun. Ìwọ lo máa fi ṣíbí fún un lẹ́kọ ráì láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Èmi?"

"Ìwọ tí o hun súwẹ́tà kọjá ọwọ́ ọmọ ènìyàn."

Ó ní kí Impi máa jókòó ti ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án, kó máa gbọ́ ìtàn òkun, kó má sì mú abẹ́rẹ́ dání. Ó ní kí Tilda parí ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kó sì fi dí fèrèsé àjà. Ní ti ẹlẹ́dẹ̀ àti àkùkọ, ààfin kò rí ìdí láti bá wọn wí, ẹni tí a fún lóúnjẹ kì í jẹ̀bi.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," Kustaa ní.

Bẹ́ẹ̀ ni Torsti ṣe di ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ààrò Baálẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, Ìyá Sanelma ń fún un lẹ́kọ láìwo ojú rẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀kọ náà sì wọ etí rẹ̀. Torsti kò ráhùn. Ó ń sọ fún un bí ẹja kan ṣe gbé ìdákọ̀ró ọkọ̀ wọn mì, tí wọ́n fi ń fa ara wọn kiri lórí omi. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sanelma bi í lójijì pé ṣé ẹja náà kò pọ ìdákọ̀ró náà ṣá, ẹ̀kọ ọjọ́ náà sì ní bọ́tà lórí. Inú ọpọ́n ṣì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Impi ti kó aṣọ ọkọ rẹ̀ sínú àpò, ó tún kó tirẹ̀ sí i, ó gbé àpò náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo wa sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìyá Sanelma náà ṣe bí ẹni tí kò rí i, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìní nǹkan tó ń wá.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó gbé ẹ̀kọ dé, ó bá Torsti tó la ojú sílẹ̀ roro.

"Ìyá," ó ní, "mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Nǹkan kan ń mí sí mi lọ́wọ́."

Ìyá Sanelma gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí sí ẹnu ọpọ́n. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ìyẹ̀fun wà ní etí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó ní èéfín ààrò Baálẹ̀ pọ̀ jù.

"Ó jí," ó ní. "Má mira."

Wọ́n ṣe búrẹ́dì náà nínú ààrò yẹn kan náà. Baálẹ̀ pe gbogbo wa jọ. Búrẹ́dì dúdú, ó rí ròbòtò, ó ń ta sánsán káàkiri ilé, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rùn bí àgùntàn tí òjò pa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Kustaa yọ fọ́nrán irun kan láàárín eyín rẹ̀, ó rọra fi sápò. Baálẹ̀ bi Ìyá Sanelma pé báwo ló ṣe rí i. Ìyá Sanelma jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó gbọn èérún kúrò lọ́wọ́.

"Mo ti jẹ èyí tó burú ju èyí lọ," ó ní.

Torsti tẹ orí ba, ó ń wo ibi tí àpò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Impi ní láti sọ ọ́ sí i létí pé lọ́dọ̀ wa, ìyàwó tuntun nìkan ni wọ́n ń yìn báyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo ìyàwó tuntun.

Mo yà kí wọn lánàá. Ọpọ́n wà ní àyè rẹ̀ lẹ́bàá ààrò, èépá tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìyá Sanelma ń hun súwẹ́tà tuntun fún àna rẹ̀, nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ti di ti ọpọ́n. Torsti dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀, ó na apá, ó ń jẹ́ kí wọ́n wọn òun. Ìyá Sanelma wọn apá náà dé ọrùn ọwọ́, ó wọn ọ́n dé orí ìka, ó ń hun lọ.

"Ìyá," Torsti ní, "ó ti kọjá ọwọ́ mi."

"Mo mọ̀. Na apá rẹ."

"Ó tún gùn ju ti àtijọ́ lọ."

"Na apá rẹ," Ìyá Sanelma ní. "Ta ló mọ ọjọ́ tí ọpọ́n tún máa fẹ́ lọ sí sáúnà."